Àáró Tí Wọ́n Fi Du Ará Ìdí-Àká

Orúkọ ẹni tó ṣẹ̀ mí ni Àlàájì Múfútáù, baálé agboolé Onígbòǹgbò ní ìlú Ṣakí nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ọjọ́ tó ṣẹ̀ mí kò rú mi lójú: àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ọ̀sẹ̀ kan gan-an lẹ́yìn ọjọ́ Ajé tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá, tí wọ́n sì ní ìwé òfin tuntun ti di ti gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí àpáta ni. Mo wà níbẹ̀, mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo sì mú ìwé lọ́wọ́. Mo kọ́kọ́ kọ èyí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń rojọ́ láìdárúkọ, tàbí pé ogbó ti dé sí mi, mo ń da ọjọ́ rú mọ́ ọjọ́. Àlàájì ti kú. Èmi kò bá òkú jà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó kàwé jù lọ ti kọ ìwé pélébé kan lórí ìtàn agboolé wa, wọ́n sì pín in fún gbogbo ojúlé nígbà ọdún Iléyá tó kọjá. Nínú ìwé náà ni ó ti kọ ọ́ pé àwa ará Ìdí-Àká fẹ́ràn ọkọ́ ju kálàmù lọ láti ìgbà èwe wa. Gbólóhùn kan péré ni, kò sì ju ìlà kan lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pa ìwé náà dé, mo sì rán ọmọ mi lọ ra kálàmù wá. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, ìyókù ni mo fi àgbà kọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ fara dà á. Ẹjọ́ tó wà nínú rẹ̀ tọ́.

Agboolé wa tóbi. Ojúlé tó wà níbẹ̀ lé ní ogún, gbogbo wọn sì kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo tí igi odán ńlá kan dúró sí láàárín. Tiwa nìkan ni kò kọjú síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni tiwa wà, níbi tí wọ́n kọ́ àwọn àká tí wọ́n ń kó ọkà bàbà sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń pè ní Ìdí-Àká. Ojúlé mẹ́ta ni wá níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ojúlé méjì ti ṣí lọ sí Àbíjàn, àwọn ìyàwó wọn àti ọmọ wẹ́wẹ́ ló kù. Bàbá mi ni ọkùnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ní Ìdí-Àká. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ohùn Àlàájì ni à ń kọ́kọ́ gbọ́ níbi tó ti ń ka Kùránì, ó ń fà á, ó ń gbé e sókè, ó ń rọra gbé e sílẹ̀. Ohùn náà dùn, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ àwọn ìyàwó ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, lẹ́yìn náà ọlọ, lẹ́yìn náà ìró ọwọ́ ìyá mi nínú àwo ńlá tí ó fi ń po òrí, pàú, pàú, pàú, títí òrí yóò fi funfun tí yóò sì léfòó. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn òrí tútù, ara mi a kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná ni à ń mu láàárọ̀, bí àwọn obìnrin Fúlàní bá sì kiri wàrà wá, ìyá mi a fi òrí pààrọ̀ díẹ̀, a sì gé e sí wẹ́wẹ́ fún èmi àti àwọn àbúrò mi obìnrin méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agboolé mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Ọmọ tó ti wà láyé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ìyàwó náà ni, kódà bó bá ṣì ń rá kòrò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún àwọn ọmọ lórúkọ ẹ̀yẹ: èyí ni Akọ̀wé, èyí ni Adúmáadán, èyí ni Ọkọ-mi-Arẹwà. Mo máa ń gbọ́ wọn ní àgbàlá, ‘Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìkòkò yìí kanlẹ̀,’ wọ́n á sì kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ọmọ tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá kan èmi, ‘Sùbéérù! Ìwọ Sùbéérù! Ṣé etí rẹ di ni? Wá gbé garawa yìí.’ Ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Mo rò pé wọ́n gbàgbé láti fún mi ní tèmi ni. Mo bi ìyá mi léèrè lọ́jọ́ kan níbi tí ó ti ń po òrí.

‘Ìyá Sùbéérù,’ mo fi orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é ṣeré, ‘kí ló dé tí wọn kò fún mi ní orúkọ ẹ̀yẹ?’

Kò gbójú sókè. ‘Sùbéérù kò dára ni? Iwájú àlùfáà ni bàbá rẹ ti sọ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n máa pè é dáadáa, kí ẹnu wọn má baà gbàgbé rẹ̀.’

Ohun tí ìyá mi kò sọ fún mi, ojú mi rí i. Àwọn ọkùnrin tí bàbá mi jù lọ́jọ́ orí ń pè é ní Lámídì gbọnrangandan, wọ́n ń sọ fún un pé ‘ìwọ’, òun sì ń fi ‘ẹ̀yin’ dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá pa àgbò Iléyá, ẹsẹ̀ àti ìfun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Ìdí-Àká. Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ni ogun gbé wọ agboolé náà. Ogun ta ni, ogun ìgbà wo, bàbá mi kò mọ̀, èmi náà kò sì mọ̀. Orúkọ kan wà tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. ‘Àwọn ará Ìdí-Àká’ ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó sì ní ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò yóò rò pé ibi tí ilé wa wà ni wọ́n ń júwe.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni mo jáde ìwé kẹfà. Ọdún náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ girama tuntun sílẹ̀ ní àdúgbò wa, tí wọ́n sì kéde pé ọ̀fẹ́ ni. Tíṣà wa, ọmọ ìlú Ìlúà, onígbàgbọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi aṣọ nu ẹfun kúrò lára bàtà rẹ̀ nígbà gbogbo, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ mi sí ìwé ìgbaniwọlé. Òun náà ló kọ́kọ́ ka ìwé òfin orílẹ̀-èdè tuntun sí wa létí ní kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, òun a sì máa túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń lọ. Ó ní ìwé náà sọ pé òmìnira, ìdọ́gba àti ìdájọ́ òdodo ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ìgbé ayé wa pọ̀. Ó ní kò sí ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ níwájú òfin. Ó ní ìjọba kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọrọ̀ ilẹ̀ yìí àti ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ kó jọ sọ́wọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀. Mo sáré délé lọ sọ fún bàbá mi. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi wẹ̀, ó wọ dàńṣíkí rẹ̀, ó sì bá mi lọ sí ilé-ìwé láti lọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

‘Tíṣà,’ ni ó wí lẹ́yìn tí wọ́n kí ara wọn tán, ‘ṣé ó wà nínú ìwé náà pé ẹni tó bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ náà bá a ṣe tirẹ̀?’

‘Kò sí i bẹ́ẹ̀ gan-an, Bàbá Sùbéérù. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́ ẹnìkejì jẹ.’

‘Ẹ kọ ìyẹn fún mi. Èyí tó kù, bóyá wọ́n gbàgbé ni.’

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ya ewé òfìfo kan nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ àwọn gbólóhùn náà sí i ní Yorùbá, lẹ́tà ńláńlá tí mo lè kà. Kí ó tó fún wa, ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Sùbéérù, ohun kan wà o. Orí kejì ìwé òfin ni púpọ̀ nínú èyí wà. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin kan náà pé kò sí kóòtù tó lè fi orí kejì yẹn múni. Ohun tí ìjọba yóò máa lé ni. Kò tíì di ohun tí èèyàn lè fi pẹjọ́.’

Bàbá mi gba ewé náà, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fìlà. ‘Tíṣà, èmi kò lọ sí kóòtù. Ilé wa ni mò ń gbé e lọ.’

Ibẹ̀ ni àṣìṣe bàbá mi wà, n kò sì ní bò ó. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ṣakí wà látijọ́. Ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni pé bí ìránṣẹ́ ọba bá ti dé, tó dúró, tó sì sọ ọ̀rọ̀ ọba tán, òfin ti dé nìyẹn. Láti ìgbà tí etí bá ti gbọ́ ọ ni ó ti mú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ń béèrè kóòtù tí yóò mú un ṣẹ. Bàbá mi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè náà rí: kí a sáà ti kà á jáde ní gbangba. Mo ti rí àwọn amòfin àti àwọn aṣòfin lórí tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà náà, mo sì lè sọ láìṣojo pé bàbá mi bọ̀wọ̀ fún ìwé òfin yẹn ju gbogbo wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àáró wa ṣe rí kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú. Ọkùnrin méjìlá ló ń ṣe é nínú agboolé. Bí òjò bá ń lọ sópin, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, gbogbo wọn á jọ lọ sí oko ẹnì kan lọ́jọ́ kan láti kọ ebè iṣu, wọ́n á sì lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ tó bá tún yí kàn, títí yóò fi kárí. Ẹni tó ni ọjọ́ ni yóò bọ́ wọn. Bí wọ́n bá tò sí ìlà tí wọ́n tẹ̀ba, tí ọkọ́ méjìlá ń wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ a máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹnì kan ni wọ́n ń ṣe tán kí oòrùn ọjọ́ kan tó wọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú àáró: ẹni tó ṣe fún ọ, kí o ṣe fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kẹ́yìn ló ń jìyà, nítorí pé bí òjò bá ti dá, ilẹ̀ a le bí àpáta. Wọn kì í ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò ṣáájú. Àlàájì ló ń to ọjọ́, ọdọọdún ni ó sì ń to bàbá mi sí ìkẹyìn. Bàbá mi a máa ní kò burú, pé oko òun kò ṣáà ní sá lọ.

Lọ́jọ́ tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ alágbádá, Àlàájì gbé rédíò rẹ̀ sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé sì péjọ. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní. Bàbá mi fara ti ògiri, nítorí ará Ìdí-Àká kì í jókòó sórí ẹní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde tán, Àlàájì gbọ́wọ́ sókè, ó ní, ‘Alhamdulilahi! Ẹ gbọ́ o, láti òní lọ, kò sí ọ̀gá kankan ní Nàìjíríà mọ́. Ọ̀kan náà ni gbogbo wa.’

Gáníyù àbúrò rẹ̀ ní, ‘Baálé, ṣé a ó máa bá gómìnà jókòó lórí àga kan náà ni?’

‘Ìdí tìrẹ yìí? Àga wo ni yóò kù fún gómìnà?’

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín lára ògiri níbi tó wà. Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé ó ti parí: rédíò ti sọ ọ́, Tíṣà ti sọ ọ́, baálé náà sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ girama wọlé. Bàbá mi ní kí n bá òun ṣe ọjọ́ àáró wa tán lọ́jọ́ Ajé, kí òun fi ọwọ́ ara òun mú mi lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aṣọ ilé-ìwé mi ti wà nílẹ̀. Ìyá mi ti dì í sórí àjà kí èéfín má baà bà á jẹ́, ó sì ti fi òrí díẹ̀ pa bàtà mi títí ó fi ń dán.

Ní ọjọ́ Ajé náà, ìyá mi ti jí gún iyán kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti pa àkùkọ wa kan ṣoṣo. Bàbá mi gbé ọkọ́ lé èjìká, ó sì lọ ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ọjọ́ ti ń ṣe, ‘Ó di oko o! Ẹ jẹ́ ká lọ o!’ Kò sí ẹni tó dáhùn. Nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn tán, a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlàájì. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, àwọn mọ́kànlá, wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n ń mu ẹ̀kọ.

‘Ẹ káàárọ̀, Baálé. Òní ni ọjọ́ mi.’

‘Lámídì, ọjọ́ wo?’

‘Ọjọ́ àáró. Oko mọ́kànlá ni a ti ṣe. Tèmi ló kù.’

‘Àáró ti parí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti rẹ àwọn ọkùnrin. Kí wọ́n sinmi.’

Gáníyù gbé igbá ẹ̀kọ kúrò lẹ́nu. ‘Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló ń yún ọ, Lámídì, ebè tèmi ṣì kù díẹ̀ létí odò.’

Bàbá mi wò ó. ‘Gáníyù, lọ́jọ́ tí wọ́n dá abẹ́ fún ọ, èmi ni mo gbé ọ mọ́ra. Èjìká mi yìí ni o tọ̀ sí. Mi ò rò pé ìwọ ni yóò rán mi lọ sétí odò.’

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀, ó yọ ewé náà, ó gbé e fún mi. Ó kọjú sí wọn, ó ní, ‘Ẹ ṣí fìlà.’

‘Kí la fẹ́ gbọ́?’ ni Àlàájì béèrè.

‘Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ni. Ẹ ṣí fìlà.’

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn ṣí i. Mo kà á. Mo kà á pé ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè dọ́gba. Mo kà á pé àǹfààní wọn dọ́gba. Mo kà á pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Nígbà tí mo dákẹ́, odó tí ń dún lẹ́yìn ilé náà dákẹ́.

Àlàájì fara balẹ̀ fi omi ṣan ẹnu. Kò bínú. Ìyẹn ni n kò lè gbàgbé, pé kò bínú rárá. ‘Ó kà á dáadáa,’ ni ó wí. ‘Ọmọ náà ní làákàyè. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ilé yìí. Lámídì, ìwọ àti ààrẹ Nàìjíríà lè dọ́gba ní Èkó, èmi kò ní bá yín dù ú. Nínú agboolé Onígbòǹgbò, ẹrú wa ni yín. Iṣẹ́ tí o ṣe lóko wa, iṣẹ́ ilé lo ṣe. A kì í bá ọ ṣe àáró. À ń mú ọ lọ sí oko ni.’

Ó ti sọ ọ́. Bàbá mi dé fìlà rẹ̀ padà. N kò rí i kí ó nàró tó bẹ́ẹ̀ rí.

‘Mo dúpẹ́, Múfútáù,’ ni ó wí. Gbogbo wọn gbọ́ pé kò fi Àlàájì sí i, kò sì fi baálé sí i. ‘Láti kékeré ni mo ti ń retí kí ẹnì kan nínú yín wí i síta. Mo fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ ọ, kí ó lè mọ ohun tí ó ń bá jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mọ́kànlá tí mo bá yín ṣe, ẹgbẹ́ ni mo pe ara mi tí mo fi ṣe é. Ẹ jẹ mí ní gbèsè ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ẹ bá wọ mọ́sáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá forí kanlẹ̀.’

Ó yípadà. Mo tẹ̀ lé e. Ìyá mi, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ti gbé iyán ọkùnrin méjìlá rù. Nígbà tí ó gba àárín àgbàlá kọjá, òórùn ọbẹ̀ àkùkọ náà kárí gbogbo ojúlé, ìyá mi kò sì yà síbì kankan. Àwọn Fúlàní gáà tó wà lẹ́bàá oko wa ni wọ́n bá wa jẹ ẹ́. Ará àgbàlá kankan kò fi ìka kan oúnjẹ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a jẹun tán, ìyá mi mú ọkọ́. Obìnrin kì í kọ ebè lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń gbìn, wọ́n ń kórè, ṣùgbọ́n ọkọ́ ebè, ti ọkùnrin ni. Ìyá mi ṣán aṣọ mọ́ ìdí, ó sì tẹ̀ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Àwọn tó ń gba ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ kọjá dúró wò ó. Obìnrin kan kígbe pé, ‘Ìyá Sùbéérù, ṣé ẹ ti di ọkùnrin ni?’ Ìyá mi dá a lóhùn láìgbé orí sókè pé, ‘Àwọn ọkùnrin kò wá, wọ́n ní kí n mú tiwọn náà mọ́ tèmi.’ Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, bí mo bá ń rántí rẹ̀ ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá mi gbé aṣọ ilé-ìwé mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Ó ní kí n wọ̀ ọ́, ká lọ. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń ṣí i: àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti bó, aṣọ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ kan tí àwa mẹ́ta fi ṣiṣẹ́, ebè tí a kọ kò tó ìdá mẹ́wàá oko náà. Òjò ti dá. Bí a kò bá kọ èyí tó kù kí ilẹ̀ tó gan, kò ní sí iṣu lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn àbúrò mi méjèèjì kò sì ní rí nǹkan jẹ. Mo ní, ‘Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ ebè yìí tán ná.’ Bàbá mi ní, ‘Mi ò ní kí o má lọ o.’ Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí pẹ́, ó sì tún aṣọ náà dì. A sì gba oko lọ.

Ilẹ̀ ń le sí i lójoojúmọ́, ó sì gbà wá ju oṣù kan lọ. Ní ọjọ́ kan tí a wà ní ẹnu iṣẹ́, ìyàwó kékeré Àlàájì fúnra rẹ̀ yà wá láti ọ̀nà odò, ó gbé omi tútù kalẹ̀ fún wa, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi. ‘Akọ̀wé, ẹ mu omi,’ ni ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ìgbà ìkẹyìn náà sì ni. Ẹkún gbọ̀n mí débi pé n kò lè mu omi náà. Nígbà tí mo wá wọ aṣọ mi tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ní àyè ti kún, pé kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, bàbá mi nìkan ló tún wà lóko, láìsí àáró, mo sì tún dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Bàbá mi kò wọ àáró agboolé mọ́ títí ó fi kú, kò sì pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní ‘ẹ̀yin’ mọ́. Èmi náà kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àgbà ti dé sí mi kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, níbi tí mo ti kọ́ láti ka ìwé tó gùn. Mo wá ìwé òfin orílẹ̀-èdè rà, èyí tí wọ́n tún kọ lẹ́yìn náà, ọmọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi lójú ewé dé ojú ewé. Orí kejì ṣì wà níbẹ̀ bí Tíṣà ti wí: ìdọ́gba, ìdájọ́ òdodo, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tó bá ṣeé ṣe. Ibi tí wọ́n ti ní kí kóòtù má dá sí i náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ṣe bí Àlàájì ti ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: wọ́n gbọ́wọ́ sókè pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa, wọ́n sì to àwa sí ìkẹyìn. Mo sọ ọ́ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n bá kọ pé mo ní ẹ̀tọ́ sí, mo ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀, kóòtù ì báà gbọ́, kóòtù ì báà di etí. Ṣùgbọ́n ní orí kẹrin, èyí tí kóòtù lè fi múni, ọmọ mi ka gbólóhùn kan jáde, mo sì ní kí ó dúró kí ó tún un kà: pé a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun du ọmọ Nàìjíríà kankan nítorí bí wọ́n ti bí i. Tíṣà kò kọ ìyẹn sí ewé fún wa. Bóyá kò tíì kà dé ibẹ̀. Ká ní ó wà ní ọwọ́ bàbá mi ni, kóòtù ni ì bá gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èmi kò béèrè ilẹ̀, èmi kò béèrè oyè, èmi kò sì ní kí wọ́n wá kọ ebè tí ó ti di koríko. Ohun tí mo ń béèrè ni kí wọ́n yọ ìlà kan péré kúrò nínú ìwé ìtàn agboolé Onígbòǹgbò, kí wọ́n sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà dípò rẹ̀. Mo fi iṣẹ́ rán ẹni tó kọ ọ́. Ó fèsì pé bàbá òun kò lé mi ní ilé-ìwé, pé bàbá mi pàápàá kò lé mi, pé ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ sí oko. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ síbí fún yín bí ó ti rí gan-an, n kò fi ohunkóhun pamọ́. Ilé-ìwé jẹ́ ọ̀fẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, orúkọ mi wà nínú ìwé, èmi ni mo sì ní ká kọ ebè tán ná. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ẹ bá wa dá ẹjọ́ náà. Bí ẹ bá ní èmi ni mo yan ọkọ́, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá a bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí ó kù ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà tí ọmọ ọdún méjìlá lè yàn.